Iná lọ láàárín terraform apply, gbogbo nǹkan wá di méjì-méjì. Ẹ gbà mí o!

Ọmọ_Sábó
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ènìyàn mi. Sábó ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà. Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe ètò kan tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ máa fi gba owó ọmọ. Orí AWS (iléeṣẹ́ Amazon tó ń yá èèyàn ní kọ̀ǹpútà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) ló wà, Terraform la sì fi ń kọ gbogbo rẹ̀: a kọ ohun tá a fẹ́ sínú fáìlì, òun ló ń lọ kọ́ ọ lórí AWS. Bátìrì láptọ́ọ̀pù mi ti kú láti bí oṣù mélòó kan. Tí iná bá ti lọ, òun náà ti lọ nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo fẹ́ fi sáfà (server) kan, àdírẹ́sì IP rẹ̀ àti database tuntun (ibi tí dátà ń gbé) kún èyí tó wà nílẹ̀. Mo tẹ `terraform apply` (àṣẹ pé kó lọ kọ́ ọ), mo tẹ `yes`. Sáfà dìde, IP dìde, ó ku database tó ń sọ "Still creating". Wọ́n mú iná. Kí n tó sáré dé ìdí jẹnẹrétọ̀, ojú láptọ́ọ̀pù ti ṣú.

Nígbà tí mo tàn án padà, `terraform.tfstate` ṣófo, kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Mo rí `terraform.tfstate.backup` lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní Ọlọ́run ṣeun, mo yí orúkọ rẹ̀ padà, mo tún apply. Sáfà kejì dìde. IP kejì dìde. Database ní òun ò gbà: `DBInstanceAlreadyExists`. Mo wá ní sáfà méjì tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà, ẹ̀rù sì ń bà mí láti fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọjọ́ Ajé ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ máa bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Ìyá_Sáfà
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Kọ́kọ́ mú ọwọ́ kúrò lórí apply. Ṣe ẹ̀dà gbogbo fódà náà síbòmíràn, kó o tó ka ìlà tó kàn.

Ṣé o mọ àwọn alájọ tó máa ń yí ọjà ká láàárọ̀? Káàdì àjọ ni fáìlì `terraform.tfstate` yẹn. Owó gan-an wà lọ́wọ́ alájọ, ìyẹn AWS. Terraform kì í lọ tú àpótí alájọ wò. Káàdì ló ń wò, ohun tí káàdì bá dárúkọ nìkan ló sì máa lọ béèrè lọ́wọ́ AWS pé ṣé ó ṣì wà. Ohun tí kò bá sí lórí káàdì, lójú tirẹ̀, kò sí láyé. Fáìlì `.backup` tó o gbà tọwọ́tẹsẹ̀ yẹn, káàdì bó ṣe wà kó o tó bẹ̀rẹ̀ apply ni. Sáfà àkọ́kọ́ ò sí níbẹ̀, ló fi kọ́ òmíràn. AWS ò bìkítà bí sáfà ogún bá ń jẹ́ orúkọ kan, nítorí náà kò sẹ́ni tó dá a dúró. Ṣùgbọ́n database méjì ò lè jẹ́ orúkọ kan náà nínú àkántì kan ní ẹkùn kan, òun ló fi pariwo. Ariwo yẹn ló ṣe ọ́ lóore.

Ohun tó o máa ṣe rèé. Tẹ `terraform state list`, kó o rí ohun tó wà lórí káàdì. Ṣí ojú ìwé AWS, kó o rí ohun tó wà lọ́wọ́ alájọ. Database ò nílò kó o pa á, ṣe ni kó o fi orúkọ rẹ̀ sórí káàdì:

```
import {
  to = aws_db_instance.owo_ile_eko
  id = "owo-ile-eko"
}
```

Láti Terraform 1.5, oṣù kẹfà ọdún 2023, la ti ń kọ ọ́ sínú fáìlì báyìí. Àṣẹ `terraform import` la máa ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ló sì máa ń kọ nǹkan sórí káàdì, o ò ní ráyè wò ó ná. Ti ìsinsìnyí máa ń jáde nínú plan, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí Terraform fẹ́ ṣe kó tó ṣe é. Tẹ plan, kó o lọ ka ìlà tó kẹ́yìn. "0 to destroy" ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ.

Ti sáfà ńkọ́? Èyí tó wà lórí káàdì ni kó o fi sílẹ̀. `terraform state show` máa sọ nọ́ńbà rẹ̀ fún ọ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `i-`. Kọ ọ́ sórí bébà. Èkejì tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá a mu, lọ fọwọ́ pa á lójú ìwé AWS. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo máa gbà ọ́ láàyè láti fọwọ́ ṣe nǹkan níbẹ̀ nìyẹn.

Òṣómàáló_Iléṣà
Kí ọ̀rọ̀ owó má sọnù nínú gbogbo eléyìí o. Àwa Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń pè ní òṣómàáló, pé bí a bá wá sin gbèsè, a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ títí owó wa á fi jáde. Iléeṣẹ́ cloud ju baba wa lọ. Wọn ò lóṣòó, inú káàdì báńkì rẹ ni wọ́n ń gbé.

Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni AWS ti ń gba 0.005 dọ́là ní wákàtí kan lórí gbogbo àdírẹ́sì IPv4 tó hàn síta, ò báà lò ó, ò báà má lò ó. Ẹ ṣírò rẹ̀: 3.60 dọ́là fún ọjọ́ 30, lórí ẹyọ kan. Ó dà bíi pé ó kéré. Ẹ wá wo NAT gateway, ẹnu ọ̀nà tí sáfà tí kò hàn síta ń gbà jáde sí íńtánẹ́ẹ̀tì: 0.045 dọ́là ní wákàtí kan ní ẹkùn Virginia, ìyẹn 32.40 dọ́là lóṣù, láì tíì ka dátà tó gba inú rẹ̀ kọjá. Mo ti gbàgbé ọ̀kan rí fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìdánwò lásán. Èmi ni mo jẹ̀bi, mi ò lè bú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi gbà á, ẹ sì mọ bí dọ́là ṣe rí.

Nítorí náà, Ọmọ_Sábó, fi `default_tags` sínú provider rẹ (apá Terraform tó ń bá AWS sọ̀rọ̀), kí gbogbo ohun tí Terraform bá kọ́ ní àmì lára. Lọ́jọ́ tí o bá rí ohun tí kò ní àmì nínú àkántì, o ti mọ̀ pé ọmọ àlè ni, tàbí pé ẹnìkan fọwọ́ ṣe é. Kó o sì lọ ṣí Budgets lójú ìwé AWS, kó máa fi í-meèlì ránṣẹ́ kí owó tó kọjá àlà.

Alágbẹ̀dẹ_Kóòdù
Gbogbo ohun tí màmá sọ dára, ṣùgbọ́n ìbéèrè tèmi ni pé: kí ni state, káàdì yẹn, ń ṣe lórí láptọ́ọ̀pù? Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí. Báwo lẹ ṣe ń pín in?

Ọmọ_Sábó
Ẹ má bú mi o. WhatsApp la fi ń fi ránṣẹ́ síra wa. Ẹni tó bá ṣe apply kẹ́yìn ló máa jù ú sí gúrúùpù.

Alágbẹ̀dẹ_Kóòdù
Yéè! Káàdì àjọ kan, olówó mẹ́ta, òǹkọ̀wé mẹ́ta. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn.

Ẹ gbé e lọ sínú bucket S3, àpótí fáìlì AWS, lónìí. Ẹ tan versioning lórí bucket náà, kí ẹ̀dà àtijọ́ má pòórá; ká ní ó ti wà níbẹ̀ ni, ẹ ò ní rí fáìlì òfìfo láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

```
terraform {
  backend "s3" {
    bucket       = "state-wa"
    key          = "owo-ile-eko/terraform.tfstate"
    region       = "af-south-1"
    use_lockfile = true
  }
}
```

Lẹ́yìn náà, `terraform init -migrate-state`, yóò gbé ti orí láptọ́ọ̀pù lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìlà `use_lockfile` yẹn ni àgádágodo: tí ẹnìkan bá ń ṣe apply ní Ifẹ̀, tí ìkejì rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ní Iléṣà, ti Iléṣà á kọ̀, kò ní ṣe é. Tábìlì DynamoDB, database AWS mìíràn, la máa ń yá fún iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Láti ẹ̀dà 1.10, ìparí ọdún 2024, S3 ti dá a ṣe. Bucket yìí fúnra rẹ̀, ẹ má kọ ọ́ sínú fódà kan náà tó ń lò ó. Ẹni tó bá tẹ destroy níbẹ̀ lọ́jọ́ kan á jó ilé, á tún jó ìwé ilé.

Ọ̀rọ̀ iná wá kù. Ẹ má ṣe apply láti orí láptọ́ọ̀pù mọ́, ó tó gẹ́ẹ́. Ohun tó máa ń gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ló dé tí a fi so ó mọ́ iná tí kò dá wa lójú fún ìṣẹ́jú méjì? Ẹ jẹ́ kí GitHub Actions, tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà GitHub, máa ṣe é: ẹni tó fẹ́ yí nǹkan á ti kóòdù rẹ̀ sókè, plan á jáde fún ẹni kejì láti kà, tó bá gbà á wọlé, apply á ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bí ìyẹn bá ṣì le, ẹ ya sáfà kékeré kan sọ́tọ̀, ẹ fi SSH (ọ̀nà tá a fi ń wọ sáfà láti òkèèrè) wọlé, ẹ ṣí tmux (tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ bí ìsopọ̀ bá já), inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti tẹ apply. Iná ì báà lọ nígbà mẹ́fà, iṣẹ́ ń lọ lọ́hùn-ún. Tí iná bá dé, ẹ padà wọlé, `tmux attach`, ẹ bá a níbi tó dé.

Ìyá_Sáfà
Ohun kan ṣì kù lórí WhatsApp yẹn, òun ló sì burú jù. Ọ̀rọ̀ aṣínà database wà nínú state ní gbangba. Kì í ṣe pé wọ́n dì í. `sensitive = true` kàn ń bò ó lójú tẹ́míná ni, inú fáìlì ló wà gbọnrangandan. Ẹ pààrọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà tó ti gba gúrúùpù yẹn kọjá. Fún database, ẹ yọ ìlà password kúrò, ẹ fi `manage_master_user_password = true` sí i, RDS (apá AWS tó ń bójú tó database) á ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ aṣínà náà fúnra rẹ̀, á fi pamọ́ sínú Secrets Manager, àpótí àṣírí AWS, kò tún ní kan state.

Òṣómàáló_Iléṣà
0.40 dọ́là lóṣù lórí àṣírí kan. Èyí, ẹ san án.

Onílinux_Mọ́dákẹ́kẹ́
Ẹ kàn ń sọ Terraform, Terraform. Ṣé OpenTofu ti kú ni? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni HashiCorp, tó ṣe Terraform, yí láísẹ́ńsì rẹ̀ kúrò ní MPL 2.0 tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn sí BUSL 1.1 tó ní ìdíwọ́. Àwọn tí inú bí mú kóòdù tó ti wà lábẹ́ MPL, wọ́n sọ ọ́ ní OpenTofu, Linux Foundation gbà á tọ́, ẹ̀dà 1.6 sì jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Láti 1.7 ló ti lè di state pa fúnra rẹ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Ohun tí màmá ń ṣàlàyé yìí gan-an ni. IBM ló sì ni HashiCorp báyìí, wọ́n parí òwò náà ní oṣù kejì ọdún 2025.

Ìyá_Sáfà
Mo gbọ́, òótọ́ sì ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù wà lórí ọmọ, o ní kó pààrọ̀ òṣùká. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Láísẹ́ńsì yẹn ń dí ẹni tó fẹ́ fi Terraform ṣe ọjà tí á bá HashiCorp du oníbàárà. Owó ilé ẹ̀kọ́ ni tiwọn. Tí ara bá balẹ̀, ẹ gbìyànjú OpenTofu lórí ẹ̀dà fódà náà. Kì í ṣe lọ́sẹ̀ yìí.

Onílinux_Mọ́dákẹ́kẹ́
Mo gbà fún ìyá. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan san án padà. Níbi iṣẹ́ kan tí mo wà rí, wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì pé kí Terraform máa mú AMI Ubuntu (àwòṣe tí a fi ń kọ́ sáfà) tó bá tuntun jù, `most_recent = true`. Ó dùn mọ́ gbogbo wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ fi àmì kékeré kan kún sáfà, mo tẹ plan: "must be replaced". Ubuntu ti gbé AMI tuntun jáde lóru, Terraform sì ní sáfà tó wà ò bá ohun tá a kọ mu mọ́, àfi kí òun wó o kí òun kọ́ tuntun. Ẹnìkan tó ṣáájú mi lórí iṣẹ́ náà ti tẹ `yes` sírú rẹ̀ rí láì kà á, gbogbo àwòrán tí àwọn oníbàárà ti gbé sórí díìsìkì sáfà yẹn ló bá a lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà AMI gan-an síbẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi `ignore_changes = [ami]` sínú búlọ́ọ̀kù lifecycle, kí Terraform má ka àyípadà AMI sí.

Ti database, ẹ fi `prevent_destroy` sí i, kí Terraform má lè pa á. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ara ló bò: tẹ́ ẹ bá pa gbogbo búlọ́ọ̀kù database náà rẹ́ nínú fáìlì, `prevent_destroy` bá a lọ, kò sí ẹni tó ń ṣọ́nà mọ́. `deletion_protection = true` ni ẹ fi tì í lẹ́yìn, torí ọ̀dọ̀ AWS gan-an nìyẹn wà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀
Ẹ̀gbọ́n mi gbogbo, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ya ọ̀rọ̀ yín díẹ̀. Inú ọgbà OAU ni mo wà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Terraform. Gbogbo fódà tí mo bá ti ṣe `init` ló ń jẹ dátà mi. Mo ṣe fódà mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó kọjá, dátà oṣù kan lọ.

Alágbẹ̀dẹ_Kóòdù
Provider AWS ni, ó tóbi gidi, gbogbo fódà ló sì ń wa tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣe fódà kan, `mkdir -p ~/.terraform.d/plugin-cache`, kó o wá kọ `export TF_PLUGIN_CACHE_DIR="$HOME/.terraform.d/plugin-cache"` sínú `.bashrc`. Ìwọ ni wàá dá fódà yẹn sílẹ̀ o, Terraform ò ní bá ọ dá a. Lẹ́yìn ìyẹn, kó o tó ṣe `init` nínú fódà tuntun, ṣe ẹ̀dà fáìlì `.terraform.lock.hcl` (tó ń rántí ẹ̀dà provider) láti fódà àkọ́kọ́ síbẹ̀, kó lè lo èyí tó ti wà nílẹ̀ dípò kó tún wà á. Rí i pé ẹ̀dà kan náà lo kọ sí gbogbo iṣẹ́ rẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òmíràn ni á tún lọ wà. Kó o sì máa fi `.terraform.lock.hcl` sínú git; fódà `.terraform` ni kì í wọ git.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ifẹ̀
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. Ká ní mo mọ̀ lóṣù tó kọjá!

Ọ̀gá_Pod
Ẹ̀yin ará, kí ló dé tí ẹ ò kó gbogbo rẹ̀ sórí Kubernetes kẹ́ ẹ sinmi?

Òṣómàáló_Iléṣà
EKS ni Kubernetes ti AWS. Control plane rẹ̀, ọpọlọ tó ń darí rẹ̀, 0.10 dọ́là ní wákàtí kan. 72 dọ́là fún ọjọ́ 30, kí sáfà kankan tó dìde. Ta ló fẹ́ san án? Ìwọ?

Ọmọ_Sábó
Ẹ dákun, ẹ má jà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ mú nǹkan kan wá sọ́kàn mi. Tí sáfà mi bá kú lóru, ṣé Terraform á jí i?

Ìyá_Sáfà
Rárá. Terraform dà bí bíríkìlà: ọjọ́ tó o bá pè é ló ń wá, ó wo àwòrán ilé, ó wo ilé, ó tún èyí tó yingin ṣe, ó bá tirẹ̀ lọ. Kubernetes ni ọlọ́dẹ, ó ń yí ilé po tọ̀sán-tòru. Tí ohun tó o sọ pé kó jẹ́ mẹ́ta bá di méjì, yóò gbé òmíràn dìde láì bi ọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn nìyẹn, kì í ṣe pé ọ̀kan ju èkejì lọ. Sáfà kan ṣoṣo lo ní, Auto Scaling group (ẹgbẹ́ sáfà tí AWS ń ṣọ́ kí iye rẹ̀ má dín) tí a kọ 1 sí ti tó ọ ní ọlọ́dẹ, AWS ò sì gba kọ́bọ̀ lórí ẹgbẹ́ yẹn fúnra rẹ̀, àfi lórí sáfà tó wà nínú rẹ̀. Kí ohun tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà náà má gbẹ́kẹ̀ lé díìsìkì rẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ ṣe.

Onílinux_Mọ́dákẹ́kẹ́
Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ fi nginx (tó ń gbé ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù jáde) àti àwọn ètò yín sórí sáfà, ẹ má fi Terraform ṣe é. Ẹ lo Ansible. SSH àti Python ló fi ń ṣiṣẹ́, kò sí ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbìn sórí sáfà. Mo ti rí ẹni tó to gbogbo iṣẹ́ yẹn sínú `remote-exec`, àwọn àṣẹ tí Terraform ń tẹ̀ lórí sáfà, ojú mi rí màbo ọjọ́ tí ìlà kan kùnà láàárín. Ansible, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́wàá. Ohun tó bá ti wà bó ṣe yẹ, á kọjá lórí rẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti lo módù rẹ̀ dáadáa dípò kẹ́ ẹ máa fi `shell` ṣe gbogbo nǹkan.

Ọmọ_Sábó
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ gbọ́ àbọ̀.

State ti wà nínú S3, versioning ti wà ní títàn, a sì ti pa gúrúùpù WhatsApp yẹn rẹ́, a pààrọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà. Mo kọ import bí màmá ṣe sọ, mo yọ ìlà password, mo fi ti Secrets Manager sí i. Plan àkọ́kọ́ ní "1 to import, 0 to add, 2 to change, 0 to destroy". Ọkàn mi fò lórí "2 to change", mo fara balẹ̀ kà á, ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn ni ọ̀kan, èkejì ni pọ́ọ̀tù kan tí mo máa sọ nísàlẹ̀. Mo gbà á, inú tmux lórí sáfà kékeré kan ni mo ti ṣe é. Ẹ ò ní gbà gbọ́: iná lọ níbi tó dé ìdajì. Mo rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sínú òkùnkùn, mo jẹ ẹ̀pà. Nígbà tí iná dé, mo padà wọlé, ó ti parí. Plan kejì: "No changes."

Ohun kan tún jáde o. Nígbà tí mo ń wo plan, ó fẹ́ ti pọ́ọ̀tù 22, ẹnu ọ̀nà SSH, tí mi ò mọ ẹni tó ṣí i. Ọ̀kan nínú wa ló lọ fọwọ́ ṣí i lójú ìwé AWS lóṣù tó kọjá kó lè ṣiṣẹ́ láti ilé, ó ṣí i fún gbogbo ayé, ó gbàgbé. Ká sọ pé ọwọ́ nìkan la fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i.

Ìyá_Sáfà
O ṣeun, ọmọ dáadáa. Máa tẹ `terraform plan -refresh-only` láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, á máa sọ ohun tí ọwọ́ ti yí padà lẹ́yìn rẹ. Ẹni tó ṣí pọ́ọ̀tù yẹn, gba àṣẹ kíkọ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ìwé AWS, fi kíkà sílẹ̀ fún un. Má bá a jà, gbogbo wa la ti ṣe é rí.

Òṣómàáló_Iléṣà
Sáfà àkọ́kọ́ tí kò sí lórí káàdì, o ti pa á?

Ọmọ_Sábó
Mo ti pa á lálẹ́ ọjọ́ tí màmá sọ ọ́, mo fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Òṣómàáló_Iléṣà
IP rẹ̀ ńkọ́?

Ọmọ_Sábó
…Ẹ̀gbọ́n, mo ń bọ̀.